Igbó Tí Tírélà Kò Lè Dé

Mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín kọntéínà àti ọkọ̀ tó gbé e. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ọ̀sán ni, oòrùn mú gan-an, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Malu Road, mo ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán etí tapólì, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀. Tírélà kan ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń yẹra fún kòtò. Bí taya òsì rẹ̀ ṣe wọ kòtò náà, mo rí ojú ọ̀run lábẹ́ kọntéínà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Kí n tó mí, ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ̀ pé wọn kò dè é.

A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Àwọn dírẹ́bà fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ fún wa bí wọ́n bá wá ra tapólì. Irin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn tírélà, iṣẹ́ wọn ni láti di kọntéínà mú. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà kì í tì wọ́n. Wọ́n ní bí kọntéínà bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú, kó má fa ọkọ̀ àti dírẹ́bà lọ́wọ́. “Ẹni tó bá fẹ́ kú, kó dá kú,” ni ọ̀kan nínú wọn wí lọ́jọ́ kan, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè pé orí ta ni yóò ṣubú lé.

“Kútọnu! Sá!”

Bùrọ̀dá Múfú, ọ̀gá mi, ló kígbe. Kútọnu ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo dìde, mo sá. Kọntéínà náà ṣubú, ṣùgbọ́n kò kàn mí. Òpó irin tó gbé òrùlé ṣọ́ọ̀bù kejì ró ló gbá, òpó náà ló sì wó lé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nísàlẹ̀ orúnkún. Kò sí ẹni tó kú. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀, nítorí èmi tí mò ń kọ ọ́ pàápàá, bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, mo máa ń dúró kí n mumi.

*

N kì í ṣe ọmọ Kútọnu. Abúlé kan lẹ́bàá Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, Yorùbá ni a fi ń bú ewúrẹ́ ilé wa. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá, kí n lè ka Bíbélì fún ìyá mi. Àwọn òyìnbó ló fa ìlà gba àárín wa kọjá. Nígbà tí mo wá sí Èkó, mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi ni mò ń lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ní Ajégúnlẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń gbọ̀n. Bí tírélà bá kọjá lójú ọ̀nà, omi inú kọ́ọ̀bù a máa mì. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í rí i. Èmi a gbé kọ́ọ̀bù dání, n ó máa wò ó.

Ohun kejì ni Mama Ejiro. Òun ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ọmọ Urhobo ni, opó ni, ó ń ta ẹja yíyan. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, ó bu omi fún mi. Mo gbà á, mo ní, “Mèsí, Màmá.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Wetin be that?”

Mo ní, “Ẹ ṣé ni mo fẹ́ sọ.”

“Ah! You dey hear Yoruba?”

“Yorùbá ni mí, mà.”

“Which kain Yoruba be this wey dey thank person for French?” Ó yíjú sí àwọn ará ilé. “Ẹ wá wo Yorùbá tó ti òkè òkun dé o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, n kò rí yìnyín, síbẹ̀ àlejò ni mí. Nígbà tí mo bá sì lọ kí ìyá mi nílé, àwọn ọmọdé abúlé a máa pariwo pé, “Ará Èkó ti dé!” Ibi méjèèjì ni wọ́n ti ń fi orúkọ ibòmíràn pè mí.

*

Ọdún tó ṣáájú èyí tí òpó wó lù mí ni àpò kan dé ṣọ́ọ̀bù wa. Dírẹ́bà kan tí à ń pè ní Bàbá Táyé ló gbé e wá. Ó ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Àpápá GRA, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Àpò ẹ̀yìn ni, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà, okùn èjìká rẹ̀ kan sì ti já.

Bùrọ̀dá Múfú yí i sọ́tùn-ún sósì. “Kí ni ọ̀gá yín gbé sínú rẹ̀ tó fi já báyìí?”

“Ilé rẹ̀ ni.”

“Ilé kẹ̀?”

“Ibùsùn, ìkòkò, oúnjẹ, àgọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á gbé e sẹ́yìn, wọ́n á wọ igbó ìjọba lápá òkè lọ́hùn-ún, igbó ńlá tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko tàbí dọdẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni erin wà. Wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn, àwọn àti ẹ̀ṣọ́ igbó. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n á pàgọ́ sí.”

“Ta ló ń lé wọn?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Wọ́n ní ìsinmi ni.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sinmi báyẹn,” ni Bùrọ̀dá Múfú wí. “Ẹ̀yìn ni wọ́n tún wá gbé e sí! Ọmọ là ń pọ̀n sẹ́yìn. Orí la fi ń ru ẹrù.”

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tí mo rán okùn náà tán, mo kó àjákù tapólì kún inú àpò náà kí n lè mọ̀ bóyá yóò gbẹ́rù. N kò ronú. Mo gbé e lé orí. Bàbá Táyé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Kútọnu, o ti gbé aṣọ wọ̀ sódì!” Ó gbà á, ó gbé e kọ́ mi lẹ́yìn, ó fa okùn rẹ̀ le.

Ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo. Ọrùn mi lè yí síbi tó bá wù ú. Mo rìn lọ sí etí ọ̀nà, mo rìn padà, àpò náà sì ń rùn bí èéfín àti koríko gbígbẹ, òórùn ahéré bàbá mi gẹ́lẹ́. Ó ti pẹ́ tí imú mi ti gbọ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí epo dísẹ́ẹ̀lì.

Mo ní, “Ṣé mọ́tò máa ń wọ inú igbó náà?”

“Mọ́tò kẹ̀? Wọ́n ní láti géètì lọ, kò sí ohun tó ní taya mọ́.”

Gbólóhùn yẹn ló bá mi lọ sílé. Kí ènìyàn máa rìn, kó má wẹ̀yìn. Kí ilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ ohun tí wọn yóò wí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pète pé lọ́dún kan, èmi náà yóò lọ.

*

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kan irin mọ́ eegun ẹsẹ̀ mi láti ìta, ó rí bí àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n fi ti ẹsẹ̀. Dókítà mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọyún, ó jókòó tì mí. Bí dókítà bá jókòó, ẹ bẹ̀rù.

Ó ní, “Bàbá, n kò ní parọ́ fún yín. Oró ti wọ inú eegun. A ó fọ̀ ọ́, a ó fún yín lóògùn. Bí ó bá gbọ́, ó dáa. Bí kò bá gbọ́, tó sì ń gòkè, a ó gé ẹsẹ̀ náà kó má baà pa yín.”

Mo ní, “Láti ibo?”

Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ itan mi. Kò tẹ̀ ẹ́ rárá, ṣùgbọ́n mo ṣì ń mọ ibi tí ọwọ́ náà kàn.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ wa. Ẹsẹ̀ náà ni mo fi kúrò nílé. Lágbègbè wa, bí ọmọ bá lọ sí Èkó tí kò rí nǹkan mú bọ̀, wọ́n á ní kò burú, ara líle ni oògùn ọrọ̀. Ti ẹni tó lọ pẹ̀lú ara pípé, tó wá fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? N kò mọ ohun tí wọn yóò wí fún un.

Nígbà tí wọ́n dá mi padà sí yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀ kí n máa ti ilé lọ gba ìtọ́jú, mo sùn gbalaja, irin lẹ́sẹ̀, mo ń retí ohun tí ẹsẹ̀ náà yóò pinnu. Bí tírélà bá ti kọjá lójú títì, irin náà á gbọ̀n, eegun mi á sì gbọ́. Mo máa ń di ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí igbó náà lọ́kàn mi.

N ó di àpò mi: gaàrí, iyọ̀, ẹja gbígbẹ, ìṣáná, kẹ́ẹ̀gì omi kékeré, tapólì fẹ́lẹ́ tí n ó fi pàgọ́. N ó gbé e kọ́ èjìká. N ó kọjá géètì. Koríko á ga dé àyà mi, n ó máa tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ igbó. N kì í sáré nínú ìrìn náà. Ìṣísẹ̀ kan, òmíràn a tẹ̀lé e.

Mama Ejiro ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja wọlé, ó rí mi tí mò ń mi ìka ẹsẹ̀ mi, ojú mi pa dé.

“Wetin you dey do?”

Ó rẹ̀ mí láti purọ́. Mo sọ fún un.

Ó gbé ọbẹ̀ sílẹ̀. “Bush? Person wey trailer nearly kill, na elephant e wan go meet?” Ó pòṣé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ló ti ń béèrè pé, “Kútọnu, where you reach today?”

Mo ní, “Mo ti dé odò.”

“Crocodile nko?”

“Kò tíì yọjú.”

“Wait am well. Eat first.”

Ó wá di àṣà. Bùrọ̀dá Múfú náà gbọ́. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á máa gbà mí nímọ̀ràn nípa igbó, àwọn tí wọn kò sùn kọjá Ìjọra tó wà nítòsí wa rí láyé wọn.

“Má pàgọ́ sétí odò o. Òjò lè rọ̀ lókè, kí omi kó ọ lọ.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Bí o bá rí ẹfọ̀n, gun igi.”

“Madman,” ni Mama Ejiro dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, “which leg e go use climb?”

Ó yára fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, wọ́n sì bá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbàgbé pé àlejò ni mí.

*

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù láàárín ilé àti ìdálẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìyá mi kì í sọ òjò tó wó ògiri, èmi náà kì í sọ ebi. Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ yìí, mo sọ ọ́. Mo ní ó ṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀.

Wọ́n ní, “Máa bọ̀ nílé.”

“Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò, Màmá.”

“Kí lo ń ṣe ní gbogbo ọjọ́?”

Mo sọ fún wọn nípa igbó náà. Mo rò pé inú wọn yóò dùn pé ọkàn mi ṣì ń rìn.

“Igbó?” Wọ́n pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sétí. “Igbó tí bàbá rẹ ṣán títí ó fi kú, kí ẹ̀yin lè jáde kúrò níbẹ̀? O dé Èkó tán, igbó lo wá ń lálàá rẹ̀!”

“Ti ibí yìí yàtọ̀, Màmá. Wọn kì í ṣán an.”

“Kí ni ènìyàn yóò wá rí jẹ nínú rẹ̀?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá mi kò wo igi rí kó má ronú àdá. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí nígbà tí wọ́n pa fóònù. Ní Kétu, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń béèrè ibi tí mò ń lọ. Ní Èkó, ẹnu mi ni wọ́n fi ń mọ ibi tí mo ti wá. Nínú igbó tí mò ń rìn yẹn, ẹfọ̀n kò béèrè ohunkóhun. Bóyá ohun tí mo fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀ nìyẹn.

*

Oògùn náà jẹ́. Kò jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọyún á gbẹ, a ó dúpẹ́, á tún yọ. Wọ́n fọ eegun náà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú irin, wọ́n fún mi ní ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì, dókítà sì kìlọ̀ pé n kò tíì bọ́: oró a máa sá pamọ́ sínú eegun, a máa dákẹ́, a tún dìde. N óò máa wá kí wọ́n máa wò ó.

Ẹni tó bá fi ọ̀pá méjì rìn kò ní ọwọ́ mọ́, kò sì lè ru ẹrù lórí, nítorí ilẹ̀ ló ń wò. Mo fi àjákù tapólì rán àpò ẹ̀yìn fún ara mi, mo kó oúnjẹ àti oògùn mi sí i, mo sì padà síṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo tẹ̀lé mi pé, “Sójà!” Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bíríkìlà kan ní kí n rán irú rẹ̀ fún òun. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Bùrọ̀dá Múfú, ẹni tó ní ọmọ là ń pọ̀n sẹ́yìn, wá ń gbé ọ̀kan kọ́ ògiri fún títà. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi náà kò sì rán wọn létí.

Nǹkan mìíràn tún yí padà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí a tó ta tapólì fún dírẹ́bà kọntéínà, Bùrọ̀dá Múfú á rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“O ò tì í.”

“Ah-ah, Alfa, tapólì ni mo wá rà, ẹ̀ ń yẹ̀ mí wò bí ọlọ́pàá!”

“Tì í kí n tó gba owó ẹ.”

Ọ̀pọ̀ bú wa, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Àwọn kan tì í. N kò mọ̀ bóyá wọn kì í tú u bí wọ́n bá kọjá Ìjọra. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò lè búra fún ẹnikẹ́ni. Bí tírélà bá ń bọ̀ títí dòní, mo máa ń fẹ̀yìn ti ògiri, mo máa ń wá ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ kọntéínà.

N kò tíì lọ sí igbó náà. Bàbá Táyé ní ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, òun yóò bá mi béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nígbà náà. Ẹni tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀ kì í di ẹrù ìrìn àjò.

*

Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ ẹsẹ̀ mi, òwúrọ̀ ni. Dókítà gbé fọ́tò eegun mi sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́, mo ń wo ojú rẹ̀. Ó wo èsì ẹ̀jẹ̀. Ó tẹ ibi ọgbẹ́ náà, ó ní kí n sọ bó bá dùn mí. Kò dùn mí.

Ó dúró, kò jókòó. “Bàbá, ó ti tán. Eegun ti so pọ̀, oró ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má wá síbí mọ́, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí mi.”

“Ẹ kò ní gé e?”

“Kí ni n ó fi ṣe?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ mú un lọ sílé.”

Mo ní, “Ṣé mo lè gbé ẹrù sẹ́yìn, kí n fi rìn nínú igbó, fún bí ọjọ́ mẹ́ta?”

Ó wo Bùrọ̀dá Múfú tó sìn mí wá, bí ẹni pé kí wọ́n ṣàlàyé mi fún un. Wọ́n kàn ń nu ojú. “Ẹ kọ́kọ́ rìn dé géètì wa ná,” ni dókítà wí. “Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ lè rìn dé ibi tó bá wù yín.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ìyá mi. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, “Màmá, wọn kò gé e. Ó ti san.”

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ tó wà lájò, irọ́ lẹ fi ń tu ìyá nínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gé e. Má tàn mí jẹ. Mo ti sunkún rẹ̀ tán.”

“Màmá, méjèèjì ló wà lára mi. Mo wọ bàtà sí wọn.”

“Gbé fóònù sílẹ̀. Rìn, kí n gbọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo gbé fóònù sórí símẹ́ńtì láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ọ̀pá mi fún Bùrọ̀dá Múfú. Wọ́n fi apá ṣe ọgbà, wọ́n ń sọ fún àwọn aláìsàn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ìyá ẹ̀ ń gbọ́.” Àwọn ènìyàn dákẹ́ lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì kan dúró pẹ̀lú àwo oògùn lọ́wọ́. Mo rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo yí padà, mo rìn bọ̀, mò ń tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa.

Mo gbé fóònù sétí.

“Màmá?”

“Méjì ni,” ni ìyá mi wí. “Méjì ni mo gbọ́.”